Òrùlé Bàbá Àmúsà Lórí Ilé Tíṣà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ìjì jà ní Ẹ̀bá-Dáàmù, Bàbá Àmúsà Abọ́dẹrìn wọ agbádá, ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì lọ kí òrùlé rẹ̀. Kò rìn jìnnà. Ìjì náà ti ṣí òrùlé ọ̀hún lódindi, pátákó àti páànù, ó gbé e kọjá lórí ọgbà ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn, ó sì gbé e ka orí ilé tí Tíṣà Christiana àti Zacchaeus ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ náà wà láyé. Láti ìgbà tí Zacchaeus ti kú, ògiri lásán ni ilé náà, koríko ti hù nínú pálọ̀ rẹ̀. Àfi bí òrùlé ṣe já bọ́ sórí rẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ó wọ́ sí apá kan díẹ̀, bíi fìlà ẹni tó sáré jáde nílé, ṣùgbọ́n ó bo gbogbo yàrá.

Tíṣà dúró láàárín pálọ̀, ó ń wòkè. Yàrá tó háyà lẹ́bàá ilé ìwé ti wó nínú ìjì kan náà, gbogbo ẹrù tó kù ún kù sì wà nínú báàgì lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì gbà pé òótọ́ ni ohun tí ojú òun ń rí.

"Àgò onílé o!" Bàbá Àmúsà ké láti ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn.

"Àgò yà, Bàbá. Ẹ kú ewu ìjì o."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tíṣà, òrùlé mi wà lọ́dọ̀ yín."

"Mo rí i, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ kó àwọn tó máa bá yín gbé e wá, mi ò ní sọ nǹkan kan."

Ojú Bàbá Àmúsà fà ro. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Bàbá fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Tíṣà, wọn kì í ṣe é báyẹn! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni! Ṣé ẹ ò lè kọ́kọ́ ní tiyín ni? Ẹ ní ìjì ló gbé e fún yín. Ẹ ní Ọlọ́run ló fi ta yín lọ́rẹ. Èmi náà á wá fi ohùn líle dá yín lóhùn, ẹ̀yin náà ẹ ó tún sọ tiyín. Bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n òrùlé yín ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé òrùlé mi ni! Ṣé ìyẹn wá ní ká má ná an ni?"

Bó ṣe bínú kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Títí di òní, tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Bàbá Àmúsà tó ti di olóògbé fún àlejò ní Ẹ̀bá-Dáàmù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ dá ohun ìní rẹ̀ padà fún, tó wá gbé ìbínú lọ sílé nítorí pé wọn ò bá a jà sí i.

Ẹ̀bá-Dáàmù kì í ṣe ìlú ńlá. Nígbà tí ìjọba dí odò, tí omi wá tẹ́ rẹrẹ sáàárín àwọn òkè, àwọn apẹja àti àwọn tó ń gbin iṣu wá kọ́lé sí etí adágún náà. Wọ́n wá láti Ìkàrẹ́, wọ́n wá láti Ọ̀kà, àwọn mìíràn wá láti Ikaram àti Etioro. Èdè tí oníkálukú ń sọ nínú yàrá ò bára mu, nítorí náà Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń bára wọn jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Wọ́n ní mọ́sálásí kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ìwé kan, àti Bàbá Àmúsà tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àgbẹ̀ lọ sí oko wọn lódìkejì.

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ ti mọ̀ pé àríyànjiyàn ń bẹ níwájú. Tí o bá ní ìdí igi irúgbá lo ń lọ, á ní ìdí irúgbá ti jìn jù, orí àpáta lòun máa já ọ sí. Ìwọ á ní àpáta ń yọ̀. Òun á ní kí ẹ fi sí àárín méjèèjì. Ìwọ á ní ẹrẹ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Ibi tí ẹ bá ti ń fà á lọ́wọ́ ni ọkọ̀ á ti gbá nǹkan, o máa gbójú sókè, ìdí irúgbá lo ti dé yẹn. Kò sẹ́ni tó rántí pé Bàbá Àmúsà já ẹnikẹ́ni sórí àpáta rí. Nígbà tí Tíṣà bi í léèrè ohun tó fà á tí kì í kúkú gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Tí mo bá gbà lẹ́ẹ̀kan, kí la máa wá sọ lójú omi?"

Ọjọ́ tí àdá gé e lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kéré lọ́jọ́ orí. Ó ní Bàbá máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún.

"Ẹ jẹ́ ó jẹ́ méjì," Bàbá wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, abẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹ̀wà."

"Mẹ́ta. Ẹ wò ó, mo ti gbìyànjú."

"Márùn-ún ni, Bàbá."

"Mẹ́ta àtààbọ̀, torí pé ọmọ dáadáa lẹ."

Gbogbo rẹ̀ náà ni wọ́n gún un. Ọjọ́ tó gba ìkẹyìn, kò dìde lórí ìjókòó. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló kù, ó ní ènì òun dà? Ẹni tó bá ra nǹkan tó tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n ṣe ènì fún un. Nọ́ọ̀sì náà ronú, ó mú pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kejì tí nǹkan kan ò ṣe. Tayọ̀tayọ̀ ni Bàbá fi padà wálé, ó sì ń ká ṣòkòtò sókè fún gbogbo èèyàn kí wọ́n lè rí ènì.

Ràfíátù ìyàwó rẹ̀ ní bó ṣe wà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó wá sọ fún òun pé òun fẹ́ ẹ, òun ní kó fún òun láyè láti rò ó títí wọ́n á fi wa iṣu. Ó ní iṣu ti pẹ́ jù, kí àwọn fi sí ìkórè àgbàdo. Òun ní iṣu. Ó ní ó dáa, kí àgbàdo gbó díẹ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí bàbá òun fi yọrí láti inú yàrá, tó pariwo pé, "Kí lẹ ń ná nínú ilé mi?" Ràfíátù á wá fi etí ìbòrí bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti pinnu pé màá fẹ́ ẹ. Ẹnu rẹ̀ ló dùn mọ́ mi tí mo fi ń fà á gùn."

Irú ẹni tó bínú kúrò lọ́dọ̀ Tíṣà nìyẹn lẹ́yìn ìjì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìró òòlù ni wọ́n fi ń jí ní Ẹ̀bá-Dáàmù. Àwọn ọkùnrin ń fi ọkọ̀ wá páànù nínú adágún, wọ́n á gbé èyí tó ti ká kò sórí àpáta létí omi, wọ́n á máa lù ú kó lè tẹ́. Iwájú mọ́sálásí ni gbogbo obìnrin ti ń dáná pọ̀, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ògiri ti dá atẹ́gùn dúró dáadáa. Àwọn tó ń jà lórí ààlà tẹ́lẹ̀ ń bára wọn di ìdí àkàbà mú. Inú wọn bà jẹ́ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò dilẹ̀.

Ohun kan ló ń kọ wọ́n lóminú tí wọn ò lè sọ jáde. Bùrọ̀dá Yọmí, ẹ̀gbọ́n Tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìkàrẹ́, ti ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ Sátidé òun ń bọ̀ wá fi mọ́tò kó o. Ilé rẹ̀ gbà á. Kí ni opó ń jókòó ṣe létí omi tí ìjì ti ń ṣílé? Tíṣà sì ti gbà. Àwọn tíṣà yòókù tó ń gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀kà ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé àwọn lọ síbòmíràn. Bí Christiana bá lọ, ilé ìwé máa tì. Bí ilé ìwé bá tì, àwọn tó lọ́mọ á tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé ohun tí ìjì ṣẹ́ kù, ìrìn yìí ló máa kó o lọ. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wo ojú opó, kó ní kó má lọ síbi tí wọ́n ti máa tọ́jú rẹ̀?

Bàbá Àmúsà tún dé lọ́jọ́ kejì tó bínú lọ. Ìbínú ti lọ.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò. Kò lè ṣeé ṣe."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ọ̀rọ̀ òrùlé ò tíì parí. Ṣé ẹ fẹ́ gbé òrùlé mi sá lọ ni?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé òrùlé sá lọ?"

"Ìjì tí ò kàwé gbé e. Kí ló máa wá ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìjì. Ó tún ní kó máa gbé òrùlé rẹ̀, Bàbá ní òun ṣì ń rò ó. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó kó káfíńtà wá. Ó ní ọjà òun ò jókòó dáadáa, ó lè bàjẹ́ kí wọ́n tó ná an. Wọ́n gùn ún, wọ́n tì í, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Òrùlé tó wọ́ wá tọ́. Ọjọ́ kejì, ó ní koríko inú pálọ̀ máa fa ikán sí pátákó òun, ó ní kí wọ́n ro ó. Nígbà tó tún yá, ó ní ihò tó wà lára ògiri ń jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ wọ abẹ́ páànù òun, ó pe àwọn tó ń po amọ̀.

"Bàbá, ilé mi lẹ ń tún ṣe yìí," Tíṣà wí.

"Ta ló ń tún ilé yín ṣe? Ẹrù mi ni mò ń tọ́jú!"

Òun àti Ràfíátù ńkọ́? Inú ilé ìdáná ni wọ́n ń sùn, láàárín ìkòkò àti igi ìdáná, pẹ̀lú Limota ọmọ ọmọ wọn. Nígbà tí Tíṣà rí i bẹ́ẹ̀, ó lọ bá Ràfíátù níbi tó ti ń sá ẹja. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá ń wá lọ́wọ́ mi? Mo ní kí wọ́n gbé òrùlé wọn, wọn ò gbé e. Mo ní kí wọ́n fún mi, wọ́n ní ọ̀fẹ́ kọ́."

Ràfíátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ọkùnrin yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ná nǹkan. Limota ti ń ka ohun tó wà lára àpò iyọ̀ fún wa. Bàbá rẹ̀ àgbà ń gbé àpò iyọ̀ kiri láti jẹ́ kó tún un kà. Kò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Òun nìyẹn."

Tíṣà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó bá a yí ẹja díẹ̀, ó sì kúrò. Ẹ̀rù ń bà á láti dúró, ojú sì ń tì í láti lọ. Kò tún sùn dáadáa mọ́ lábẹ́ òrùlé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, mọ́tò Bùrọ̀dá Yọmí dé. Bó ṣe ń kó báàgì àbúrò rẹ̀ sínú búùtù, lọ́rì ìjọba kan yọ láti ọ̀nà Ọ̀kà, páànù tuntun kún inú rẹ̀. Ọ́físà kan sọ̀ kalẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Ògbàgì. Ó ní àwọn tí òrùlé wọn ti bá ìjì lọ ni àwọn kó páànù wá fún, kí wọ́n ṣe kíá, àwọn ṣì ń lọ sí abúlé mìíràn, òjò sì ti ṣú. Gbogbo wọn gbà á. Ó wá kan Bàbá Àmúsà.

"Bàbá, òrùlé tiyín ńkọ́?"

"Òun nìyẹn." Bàbá nawọ́ sí ilé Tíṣà.

Ọ́físà wo òrùlé náà bó ṣe jókòó dáadáa. "Tiyín nìyẹn?"

"Tèmi ni."

"Tiyín ò sọnù nìyẹn, Bàbá. Ẹ lọ gbé e. Àwọn tí tiwọn sọnù ló ni èyí."

Ariwo sọ. "Bàbá, ẹ ní ti Tíṣà ni!" "Ẹ ní ẹ ti fún un!" Imáàmù Suleiman fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní, "Àmúsà, fi ta obìnrin yìí lọ́rẹ, kí o gba páànù tuntun. Ràfíátù ń sùn nínú ilé ìdáná."

"Báwo ni màá ṣe pè é ní tirẹ̀, Alfa? A ò tíì ná an tán. Ṣé kí n parọ́ lójú ìjọba ni?" Bàbá Àmúsà kò gbéra ga nígbà tó ń sọ ọ́. Ìdààmú wà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ páànù náà, ó sì fẹ́ fi òrùlé náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà fi nǹkan sílẹ̀.

Ọ́físà ní kí wọ́n máa ti ẹ̀yìn lọ́rì. Bùrọ̀dá Yọmí pè láti ìdí mọ́tò rẹ̀ pé, "Christiana, ká máa lọ, òjò ń bọ̀."

Tíṣà wo Ràfíátù tó di Limota lọ́wọ́ mú. Ó wo òkè níbi tí wọ́n ti fi ìṣó kan òrùlé mọ́ ògiri tí òun àti Zacchaeus mọ. Ó wá rìn lọ sáàárín èrò, ó dúró níwájú Bàbá Àmúsà, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, kí lẹ máa gbà lórí òrùlé yìí?"

Èrò fún wọn láyè. Ọ́físà ní kí wọ́n dúró ná. Ojú Bàbá Àmúsà là, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Mi ò gba owó," ó wí.

"Mi ò lówó. Kí lẹ máa gbà?"

Bàbá wo mọ́tò, ó wo ilé ìwé, ó wúkọ́ díẹ̀. "Kẹ́ ẹ máa kọ́ wọn níwèé níbí, títí ọmọ tí Limota máa bí á fi mọ̀wé kà."

"Limota tó ṣì wà ní kíláàsì kìíní!" Tíṣà ké. "Títí táàmù yìí á fi parí."

"Yé! Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ wo pátákó yẹn. Ìrókò ni!"

"Ìrókò tó ti fò lójú ọ̀run rí? Ta ló mọ̀ bóyá ó tún máa fò lọ lọ́la?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àmúsà ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ fún ayọ̀. "Títí Limota á fi relé ọkọ!"

"Títí ọdún yìí á fi parí. Páànù yín ti dógùn-ún."

"Dídógùn-ún ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti dàgbà! Tíṣà, ẹ ṣàánú mi. Mo kàn án, mo tọ́ ọ, mo ro abẹ́ rẹ̀."

"Ta ló rán yín? Mi ò rán yín."

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà yí ẹ̀yìn padà, ó sì ń lọ bí ẹni tó ń ra nǹkan lọ́jà ṣe ń lọ tí ọlọ́jà ò bá fẹ́ gbà. Ó dé ìdí mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọjà ló ń ná tàbí ó ń lọ lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú mọ́tò.

"Tíṣà!" Ohùn Bàbá Àmúsà ti yí padà, kò jọ ohùn ẹni tó ń ṣeré mọ́. "Tíṣà, ẹ padà wá. Títí Limota á fi jáde ní Pírámárì Síìsì. Mi ò lè já a wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré kò gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́" lẹ́nu rẹ̀ rí. Tíṣà dúró, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, omi ti lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilé mi ò ní ilẹ̀kùn. Tiyín sì dúró níbẹ̀ lásán, kí ló ń ṣọ́ nínú ilé tí ò lórí? Ẹ fi ṣe ènì."

Ẹ ò bá wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ariwo tó sọ. Bàbá Àmúsà ṣí fìlà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo tà á! Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín, mo ti tà á! Obìnrin yìí ti rẹ́ mi jẹ!" Inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò lè dúró lójú kan. Ọ́físà pàṣẹ kí wọ́n kó páànù sọ̀ fún un. Bùrọ̀dá Yọmí lọ ṣí búùtù fúnra rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń kó báàgì jáde.

Ilẹ̀kùn náà kò bá ẹnu ọ̀nà mu. Ó kúrú, ewúrẹ́ sì máa ń gba abẹ́ rẹ̀ yọjú wo ohun tí Tíṣà ń sè. Nígbà tí Tíṣà fẹjọ́ sùn, Bàbá ní ènì ni, wọn kì í wá àléébù sí ènì. Wọ́n fa ìyẹn fún odindi ìgbà òjò kan.

Ọdún ń lọ, Limota ń ga, ìdààmú bá Bàbá Àmúsà. Nígbà tí ọmọ náà wà ní Pírámárì Fáìfù, ó wá bá Tíṣà ní ilé ìwé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tíṣà, ọmọ yìí ò ha kéré jù? Ṣé kò yẹ kó tún kíláàsì yìí ṣe?"

"Bàbá, ipò kìíní ló mú!"

"Ẹni tó mú ipò kìíní náà lè tún un ṣe, kó lè dá a lójú."

Tíṣà ò gbà. Limota jáde ní Pírámárì Síìsì nígbà tó yẹ kó jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá Àmúsà ò wá síbẹ̀. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà lọ kí i. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà. Ó mọ̀ pé Bàbá máa ní Limota ò tíì jáde tán, ó máa ní ìwé ẹ̀rí ò tíì dé, gbogbo rẹ̀ ni òun máa bá a fà, lẹ́yìn náà òun á wá sọ fún un pé òun ò lọ síbì kankan.

Orí ẹní lọ́ọ̀dẹ̀ ló bá a. Ó ti rù gan-an.

"Tíṣà," ó wí, "ẹ ti san án pé. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ lè máa lọ."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ná an. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba Tíṣà. Ó jókòó ti ẹní náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò sẹ́nu sọnù. Ó sọ fún un ṣáá pé omi adágún ti kún dáadáa lọ́dún yìí, pé ẹja pọ̀. Bàbá ní "ẹ̀n-ẹ́n", ó sì sùn lọ bó ṣe ń bá a sọ ọ́.

Ó kú ní ìgbà ọyẹ́, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀rín pọ̀ nínú ọgbà wọn ju ẹkún lọ. Ẹni tó bá ti ní "ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá" báyìí, kò tíì sọ ọ́ tán tí wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Ràfíátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di pé ó gbé orí lé èjìká Tíṣà, tí èjìká náà sì tutù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bùrọ̀dá Yọmí tún gbé mọ́tò dé. Tíṣà gúnyán fún un. Bó ṣe ń jẹun, ó ní, "Christiana, ọmọ náà ti jáde, bàbá tó dè ọ́ mọ́lẹ̀ níbí náà ti lọ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Kí ló tún kù?"

Tíṣà gbé omi ọwọ́ sílẹ̀. "Bùrọ̀dá, kò dè mí mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí Zacchaeus ti kú, gbogbo èèyàn ló ń sọ ibi tó yẹ kí n lọ fún mi. Òun nìkan ló ní kí n dúró. Ó yọ òrùlé kúrò lórí ara rẹ̀ kó tó lè rí i sọ. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an."

Bùrọ̀dá Yọmí fa àwo iyán mọ́ra. Ó jẹ iyán tán, ó fọ ọwọ́, ó sì bá a jókòó síwájú ilé títí oòrùn fi ń wọ̀ sẹ́yìn adágún. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bi í pé kí ni kí òun bá a mú wá láti Ìkàrẹ́ tí òun bá tún ń bọ̀. Tíṣà ní kó bá òun ra ṣọ́ọ̀kì, èyí tó wà nílé ìwé ti fẹ́ tán.